Ohun Tí Ojú Gbọ́: Ará Èkó àti Fíìmù Elédè Àjèjì



Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1903, àwọn ará Èkó kóra jọ sí Glover Memorial Hall, wọ́n kọjú sí aṣọ funfun kan, wọ́n sì rí ohun tí ìlú náà kò rí rí: àwòrán tó ń rìn. Balboa, ará Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, ló gbé ẹ̀rọ náà dé. Ìtàn ka Herbert Macaulay mọ́ àwọn tó ṣe ọ̀nà bó ṣe dé Èkó. Sinimá àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Àwòrán ìgbà náà kò ní ohùn. Kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ èdè Sípéènì, kò sì sọ Yorùbá. Níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, akọ̀wé tó ti kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown kò ní ohun kan tí alájàpá tí kò mọ A kò ní. Ojú ni tẹrú tọmọ fi gbọ́ ọ.

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rò pé fíìmù Kòríà tí àwọn ọmọ ń wò lórí fóònù ni ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ fíìmù elédè àjèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà àwọn ọmọ náà ti ń wò ó kí wọ́n tó bí wọn. Ogún ni, ó sì tó àkókò kí Èkó mọ̀ pé òun ní in, kí ó sì lò ó dáadáa ju bó ṣe ń lò ó báyìí lọ.

Ìlú tí etí rẹ̀ ti ṣí

Ìsàlẹ̀ Èkó kò fìgbà kan jẹ́ ìlú elédè kan. Àwórì ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ Ìbíní sì hàn nínú oyè àti nínú ìtàn Ìgà Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó. Oṣòdì Tápà, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó lágbára jù lọ láyé Ọba Kòsọ́kọ́, ọmọ Nupe ni. Nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ló di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn Sàró mú èdè Kírió bọ̀ láti Freetown wá sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà gbé èdè Potogí bọ̀ láti Brazil, wọ́n sì kọ́lé sí Popo Àgùdà, láyìíká Campos, ọ̀nà Bámgbóṣé àti ọ̀nà Tókunbọ̀.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í gbọ́ èdè tí kò yé e kó wá sá. Aládùúgbò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo ọwọ́ rẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá ìjà ló fẹ́ tàbí iyọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni ará Èkó gbé wọ ilé sinimá.

Olówó èlé láti Íńdíà, ẹsẹ̀ láti Hong Kong

Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ilé sinimá ní Nàìjíríà láyé òyìnbó. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó fíìmù Íńdíà wọlé, ó sì tà. Ará Erékùṣù lè sọdá afárá Carter lọ sí ilé sinimá Casino ní Yábàá. Ẹni tó wà lápá Agége ní Pen Cinema tirẹ̀. Ilé sinimá yẹn ti kógbá wọlé tipẹ́, síbẹ̀ kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀.

Èdè Híńdì ni àwọn òṣèré náà ń sọ. Ìtumọ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ àwòrán, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì lè kà á. Kí ló wá ń mú èèyàn jókòó tì í fún bíi wákàtí mẹ́ta?

Ẹ wo Mother India, tí Mehboob Khan gbé jáde ní 1957. Òṣèré Nargis ló ṣe Radha, ìyàwó àgbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti yá owó lọ́wọ́ olówó èlé láti fi ṣe ìgbéyàwó, olówó èlé sì ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irè oko wọn lọ́dọọdún. Òkúta pa ọkọ lápá méjèèjì; ìtìjú mú un, ó sá lọ. Omi yalé. Radha ń dá ọmọ tọ́, ó ń fa ohun ìtúlẹ̀ bíi màlúù. Níkẹyìn, Birju, ọmọ tó fẹ́ràn jù, di ọlọ́ṣà, ó sì fẹ́ fipá gbé ọmọ olówó èlé náà lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yìnbọn fún un.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ìwọ̀fà. Ẹni tí wọ́n ti fi bàbá rẹ̀ yáwó rí kò nílò ògbufọ̀ nígbà tí olówó èlé bá ṣí ìwé gbèsè rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ojú ń tini nínú ẹbí mọ ìdí tí ìyá kan fi lè yan ọlá abúlé ju ọmọ inú rẹ̀ lọ. Ní 1958, fíìmù yìí wà lára àwọn tó du ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù elédè àjèjì. Àwọn òǹwòran Nàìjíríà kò dúró de ìdájọ́ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbà á.

Lẹ́yìn Íńdíà, Hong Kong dé. Bruce Lee kú ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1973, ọmọ ọdún 32 péré, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí àwọn ọmọdékùnrin kò ti máa ju ẹsẹ̀ bíi tirẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní eré ìjà lásán. Kí wọ́n tún Fist of Fury ti 1972 wò. Nínú rẹ̀, Chen Zhen dé ẹnu ọ̀nà ọgbà kan ní Shanghai. Pátákó wà níbẹ̀ tó ní ajá kò gbọdọ̀ wọlé, ọmọ Ṣáínà náà kò sì gbọdọ̀ wọlé, nínú ìlú baba rẹ̀. Ó fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ fọ́ pátákó náà sí wẹ́wẹ́. Èkó tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lù ní 1851, tí wọ́n sì ṣàkóso láti 1861 títí di 1960, ni àwọn òǹwòran yẹn ti dàgbà. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu àwọn òṣèré kò bá ètè wọn mu rárá. Ẹsẹ̀ yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Nígbà tí sinimá wọlé

Fídíò ló gbé sinimá kúrò ní gbọ̀ngàn wá sí pálọ̀. Ìdúmọ̀tà, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí Ẹnu Ọ̀wá, di ọjà fíìmù àgbéléwò tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbójú lé. Kenneth Nnebue, ọmọ Ìgbò tó ti ná owó lórí fíìmù Yorùbá ṣáájú, gbé Living in Bondage jáde ní 1992. Èdè Ìgbò ni, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ògùn owó, ẹ̀mí obìnrin náà kò sì jẹ́ kó gbádùn owó ọ̀hún. Fíìmù náà tà kárí orílẹ̀-èdè, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Ìgbò pàápàá. Àkókò yẹn kan náà ni The Rich Also Cry, eré onípele láti Mẹ́síkò tí Verónica Castro ṣe aṣáájú rẹ̀, ń mú kí àwọn ilé pa lọ́lọ́ lálẹ́ lórí NTA.

Nítorí náà, ọmọ Èkó tó ń sunkún lórí eré Kòríà lónìí kò yà kúrò nínú àṣà ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sunkún pẹ̀lú Mẹ́síkò, bàbá rẹ̀ ti ju ẹsẹ̀ pẹ̀lú Hong Kong, ìyá àgbà rẹ̀ sì ti kọrin Íńdíà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni yíyàn. Ohun tí ọjà bá gbé wá ni Èkó ń wò. Púpọ̀ nínú fíìmù tó súnmọ́ ìgbé ayé Èkó jù lọ kò gba ọwọ́ ọjà yẹn kọjá rí. Ó yẹ kí á dárúkọ díẹ̀ nínú wọn.

Fíìmù tó yẹ kí ará Èkó wò

Àkọ́kọ́ ni Mandabi, tí Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe ní 1968. Sembène ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille kó tó di òǹkọ̀wé. Ó rí i pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nítorí wọn kò lè ka Faransé tí òun fi ń kọ ọ́. Ó gba Moscow lọ, ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Mandabi ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó fi èdè Wolof ṣe. Ibrahima Dieng, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje, gba ìwé owó 25,000 fráǹkì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ní Paris. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Àwọn tó ń ṣe káàdì ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Ìwé ọjọ́ ìbí ń bi í ní oṣù tí wọ́n bí i. Kò mọ̀ ọ́n. Kí ó tó rí kọ́bọ̀ gbà, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé owó dé, wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti yá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo odindi ọjọ́ kan lórí ìlà nítorí ìwé kan tó ń bèèrè ìwé mìíràn yóò mọ ọkùnrin yìí bí ẹní mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìkejì ni O Pagador de Promessas, láti Brazil, ní 1962, tí Anselmo Duarte darí. Igi wó lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Zé. Ó lọ sí ilé òrìṣà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ẹranko òun bá yè, òun yóò ru àgbélébùú láti oko òun dé ṣọ́ọ̀ṣì Santa Bárbara ní Salvador. Ẹranko yè, Zé gbé àgbélébùú. Nígbà tí àlùfáà gbọ́ pé iwájú Iansã ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Iansã yìí, Ọya ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Bahia, tí wọ́n sì fi orúkọ Santa Bárbara bò ó kí wọ́n lè rí i bọ. Zé kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes ní ọdún náà. Ìdílé Àgùdà tí bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tí ìyá àgbà sì mọ oríkì Ọya kò gbọdọ̀ kú láìwò ó.

Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ tiwa tààrà. Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, tó sì ṣe Àjàní Ògún ní 1976, lọ sí Brazil, ó sì gbé A Deusa Negra jáde ní 1978. Babátúndé, ọmọ Èkó, ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ pé òun yóò lọ wá àwọn ẹbí tí oko ẹrú kó lọ sí Brazil. Ó dé ibẹ̀ tán, òrìṣà ló ń fi ọ̀nà hàn án, ìtàn náà sì gbé e padà sí ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ lóko ẹrú. Potogí ni èdè fíìmù náà. Ọ̀nà tí àwọn ará Popo Àgùdà gbà wálé ni Babátúndé gbà lọ. Ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinubu Square, tí ọwọ́ àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855, ni wọ́n wó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Fíìmù yìí ṣì wà láti bá wa rántí.

Ìkẹrin ni Yaaba, tí Idrissa Ouédraogo ti Burkina Faso fi èdè Mòoré ṣe ní 1989. Abúlé kan ti pe ìyá arúgbó kan, Sana, ní àjẹ́, wọ́n sì lé e sí ẹ̀yìn ìlú. Ọmọdékùnrin kan, Bila, kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó ń pè é ní “yaaba”, ìyẹn ìyá àgbà, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pe obìnrin náà rí. Nígbà tí àìsàn kọlu ìbátan Bila obìnrin, Sana yìí ló rìn jìnnà lọ wá oníṣègùn. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń na àwọn ìyá arúgbó lójú pópó nítorí ẹ̀sùn àjẹ́ kò jìnnà sí wa. Fíìmù yìí kò wàásù. Ó kàn jẹ́ kí á rìn tẹ̀lé ìyá náà dé ibi tó ń lọ.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà jẹ́ bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ní 1948, Vittorio De Sica ṣe Ladri di biciclette ní Ítálì, ìtàn ọkùnrin tó ríṣẹ́ nítorí pé ó ní kẹ̀kẹ́, tí olè sì jí kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré fi ẹsẹ̀ wá a kiri gbogbo Rome. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni Lamberto Maggiorani tó ṣe bàbá náà, kì í ṣe òṣèré. Ní 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kolkata, Satyajit Ray, wo fíìmù yìí ní London, ó sì pinnu bí òun náà yóò ṣe ṣe tirẹ̀. Owó tán lójú ọ̀nà. Ìjọba West Bengal ló wá ràn án lọ́wọ́. Ní 1955, Pather Panchali jáde ní èdè Bẹ̀ngálì. Aládùúgbò fẹ̀sùn kan Durga, ọmọbìnrin tálákà, pé ó jí ẹ̀gbà ọrùn. Ibà pa ọmọ náà lẹ́yìn òjò. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó kúrò nílùú, Apu, àbúrò rẹ̀, rí ẹ̀gbà náà nínú igbá kan lókè àjà. Ó mú un, ó sáré jáde, ó jù ú sínú adágún omi. Ewé omi là, ó sì tún padé. Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan, àwòrán kò sì nílò ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó wo Dahomey, tí Mati Diop ṣe, tó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Berlin ní 2024. Kò gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó tẹ̀lé iṣẹ́ ọnà 26 tí Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ère Ọba Ghezo fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n láti inú àpótí. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi ń jiyàn bóyá 26 tó nǹkan nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣì wà lọ́hùn-ún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, iṣẹ́ ọnà Ìbíní 119 láti Netherlands dé sí National Museum ní Oníkàn. Iyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà Èkó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé kíka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán ń fa ojú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí Bong Joon-ho gba ẹ̀bùn Golden Globe fún Parasite, ó sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé ìdènà tín-ín-rín ni ìtumọ̀ yẹn, àti pé ẹni tó bá fò ó yóò pàdé fíìmù púpọ̀ tó dára gan-an. Oṣù kejì rẹ̀, fíìmù Kòríà yìí gba Oscar mẹ́rin, tó fi mọ́ ti fíìmù tó dára jù lọ, èyí tí fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kò gbà rí.

Àwa náà ti rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Lionheart tí Genevieve Nnaji darí, fíìmù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ fún ẹ̀bùn Oscar ti ilẹ̀ òkèèrè, pàdánù àyè rẹ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2022, Netflix gbé Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní Yorùbá síta, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè sì jókòó, wọ́n ń ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí ará Èkó ti ń ṣe fún èdè ẹlòmíì láti ìgbà Mother India, ẹlòmíì ti ń ṣe é fún Yorùbá báyìí.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Ìtumọ̀ tí a ń kà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyá àgbà tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣì wà ní ibi tí àwọn òǹwòran 1957 wà. Àwọn ará Kano kò fara mọ́ irú ìyẹn: iléeṣẹ́ Algaita ti ń fi ohùn Hausa bo fíìmù Íńdíà, àwọn tó ń ṣe é sì ti di gbajúmọ̀. Ní Kampala, àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ máa ń jókòó ti fíìmù, wọ́n ń fi èdè Luganda túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, wọ́n ń fi àwàdà àti àlàyé sí i, àwọn èèyàn sì ń yan fíìmù nítorí ohùn VJ kan. Ṣé Èkó ni yóò ní òun kò ní ẹni tó lẹ́nu?

Ẹ̀bẹ̀

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mú wá.

Ẹ̀yin onífíìmù Ìdúmọ̀tà àti ẹ̀yin òṣèré tíátà: ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni Mandabi, Yaaba àti irú wọn, kí ẹ fi Yorùbá gidi bò wọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní ohùn náà. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń fi ohùn mú ọba àti ìránṣẹ́ jáde nínú èèyàn kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tó ń bójú tó àwọn gbọ̀ngàn Erékùṣù: Freedom Park ní Broad Street ti gba ayẹyẹ fíìmù iREP lálejò fún ọ̀pọ̀ ọdún, Glover Hall sì ṣì dúró. Alẹ́ kan lóṣù, fíìmù kan láti ilẹ̀ tí kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì, àga díẹ̀, ẹnì kan tí yóò sọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ kò lè pọ̀ ju ti òde kan lọ.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ: ẹ má ṣe dá wo fíìmù lórí fóònù nínú yàrá. Kí ọmọ tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì jókòó ti ìyá àgbà, kó máa túmọ̀ fún un. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá Mandabi. Bíi ìṣẹ́jú 90 ni. Kí ó tó tó ìdajì, ìyá àgbà yóò ti máa sọ orúkọ ẹnì kan ní àdúgbò tó jọ Ibrahima Dieng.